Ajá Inú Ìwé

Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni Theophilus fi kọ́ àwọn ọmọdé níwèé ní Ìjẹ̀bú-Òde àti àwọn ìlú tó yí i ká, láti Ayépé títí dé Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin. Kó tó fẹ̀yìn tì, ó ti di ọ̀gá àgbà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bó bá ń kọjá lọ ní títì, àgbàlagbà onírùngbọ̀n a sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, a dọ̀bálẹ̀, a ní, "Ẹ kú ìrìn, sà." Nítorí náà, nígbà tí ẹgbẹ́ kan tó ń dá ilé-ìwé mọ̀-ọ́n-kọ mọ̀-ọ́n-kà sílẹ̀ fún àwọn àgbà wá bẹ̀ ẹ́ pé kó wá máa kọ́ àwọn tí kò rí ilé-ìwé lọ nígbà èwe wọn, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ẹni tó ti kọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà tó ń sunkún ìyá rẹ̀, kí ló kù tó máa ṣòro nínú kíkọ́ àgbà tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá?

Kíláàsì kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fún wọn, lẹ́yìn tí àwọn ọmọdé bá ti lọ sílé. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń pàdé, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé ni wọ́n ń jókòó lé. Orúnkún àwọn mìíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n wọn. Àwọn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló forúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ náà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìwé pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ya àwòrán ajá sí ojú ewé rẹ̀ àkọ́kọ́. Lábẹ́ ajá náà ni wọ́n kọ ọ́ sí pé: *Ajá Adé ń gbó.* Theophilus a fi ọ̀pá tọ́ka sí i lójú pátákó, a pè é, àwọn náà a pè é tẹ̀lé e. Bí ẹnì kan bá ṣì í, gbogbo kíláàsì a tún un pè láti ìbẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe fún àwọn ọmọ kíláàsì kìíní.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ogún èèyàn ló wá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, mẹ́rìnlá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, mọ́kànlá. Kò wá sí Theophilus lọ́kàn pé òun lòun lẹ̀bi. Ó ń sọ fún ìyàwó rẹ̀, Mọ́ṣádé, pé láti kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, pé bó bá ti dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ kẹfà yẹn ni obìnrin kan dìde láàárín wọn. Àsíátù lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Hafeezah ni gbogbo wọn ń pè é. Ìmùṣin ló ti ń yan gààrí kí ọkọ rẹ̀ tó ṣàìsàn, tí wọ́n fi kó padà wá sí Ìjẹ̀bú-Òde nítorí ilé ìwòsàn. Ó ti lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún. Kì í pẹ́ dé, kì í sì í sọ̀rọ̀. Theophilus ti kà á sí ẹni tó gbọ́ràn jù nínú wọn.

"Tíṣà," ó ní, "ẹ má bínú sí mi. Ọ̀sẹ̀ kẹfà rèé tí ajá yìí ti ń gbó. Kí ló rí?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Theophilus fi ọ̀pá lu tábìlì, ó ní kí Ìyá Hafeezah jókòó. Kò jókòó.

"Mi ò lájá, Tíṣà. Mi ò mọ Adé. Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ wá síbí wà nílé mi, lórí tábìlì ọkọ mi, mi ò sì lọ́jọ́ tí mo lè fi ṣòfò mọ́. Bó bá jẹ́ ajá lẹ fẹ́ máa fi kọ́ wa títí ọdún yìí á fi parí, ẹ jẹ́ n mọ̀, kí n lè wá ibòmíràn lọ."

Gbogbo ọdún tí Theophilus fi ṣe tíṣà, kò sẹ́ni tó wò ó lójú sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí i rí. Ó na ṣọ́ọ̀kì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí obìnrin náà. "Bó bá rí bẹ́ẹ̀, Ìyá Hafeezah, ẹ wá gbà á, kí ẹ máa kọ́ wa."

Ó rò pé ojú á tì í. Àsíátù kò gba ṣọ́ọ̀kì náà. Ó pa ìwé rẹ̀ dé, ó gbé e sórí bẹ́ǹṣì jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ sílẹ̀, ó tún ìborùn rẹ̀ wé, ó sì jáde. Àwọn mẹ́ta dìde tẹ̀lé e. Ọ̀kan nínú wọn ni Gbàdàmọ́sí, wẹ́dà kan tí iná ti jó àmì tótòtó sí lápá. Àwọn méje ló kù. Theophilus tún kọjú sí pátákó, ó ní kí wọ́n pè é, *Ajá Adé ń gbó*, ṣùgbọ́n ohùn tó jáde nínú kíláàsì náà dà bí ohùn àwọn tí wọ́n ń kí ara wọn kú ọ̀fọ̀.

Nígbà tó délé, ó ro gbogbo rẹ̀ fún Mọ́ṣádé, ó ń retí pé á bá òun bínú sí obìnrin náà. Mọ́ṣádé ń bó ẹ̀gúsí. Ó gbọ́ ọ títí ó fi sọ̀rọ̀ tán. Lẹ́yìn náà ló wá bi í léèrè pé, "Bàbá Ìtùnú, ta ló kọ́ yín ní fóònù tó wà lápò yín yẹn?"

Theophilus ní kí ni ìyẹn já mọ́. Mọ́ṣádé wá rán an létí. Ọdún mẹ́ta ni Ìtùnú ọmọ wọn fi bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́ fóònù ńlá. Ó ra fóònù, ó kọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lò ó sínú ìwé fún un, bàbá ní ojú ń dun òun, ó ní ti àwọn ọmọdé nìyẹn. Àfi ọjọ́ tí Ìtùnú bímọ ní Kánádà, tó ní àwòrán ọmọ wà nínú fóònù.

"Ọjọ́ méjì lẹ fi mọ̀ ọ́n," Mọ́ṣádé ní. "Ṣé orí yín ló ṣẹ̀ṣẹ̀ là lọ́jọ́ yẹn ni, àbí ojú ọmọ lẹ fẹ́ rí?"

Theophilus jẹun díẹ̀, ó ní oúnjẹ ti tó, ó lọ dùbúlẹ̀. Inú ń bí i sí ìyàwó rẹ̀, nítorí pé kò rí ibi tí òun lè gbà já ọ̀rọ̀ rẹ̀ nírọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó béèrè ilé Àsíátù, ó sì lọ síbẹ̀. Ọkọ Àsíátù, Zakariyah, ló bá lórí àga, ó na ẹsẹ̀ kan tó wú sórí àpótí. Awakọ̀ tírélà ni nígbà kan, ọkùnrin gíga tí àìsàn ti fà kù. Àsíátù bu omi fún àlejò rẹ̀, ó fún un ní àga, kò sì sọ nǹkan kan nípa ọjọ́ tó kọjá. Theophilus ló bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun wá béèrè ohun tó wà lórí tábìlì tí ìyá ń sọ.

Àsíátù gbé e wá. Oògùn ni. Oríṣi mẹ́rin, nínú páálí àti ike kéékèèké, ó so òwú mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ́rùn. Ó ṣàlàyé fún un pé òwú dúdú ni ti àárọ̀, pupa ni ti alẹ́, funfun ni èyí tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, aláwọ̀ ewé sì ni èyí tí ọkọ òun ń lò bí ẹsẹ̀ bá wú jù. Ọdún méjì ló fi ń lo òwú, tí ohun gbogbo ń lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ní oṣù kan ṣáá, wọ́n yí oògùn náà padà níbi tí wọ́n ti ń gbà á. Hóró oògùn tó funfun tẹ́lẹ̀ wá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, páálí rẹ̀ sì yàtọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ó fi ojú wọ̀n ọ́n, ó so òwú mọ́ ọn. Ọjọ́ márùn-ún ló fi fún ọkọ rẹ̀ ní ìlọ́po méjì oògùn kan, tí kò sì fún un ní òmíràn rárá. Ní ọjọ́ kẹfà, Zakariyah wò ó lójú, ó bi í pé ta ni í ṣe.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n lò lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Dókítà kan ló mú páálí oògùn náà dání níwájú gbogbo èèyàn, ó bi Àsíátù bóyá kò mọ̀wé ni.

"Mo ní, 'Kò sẹ́ni tó kọ́ mi,'" Àsíátù sọ fún Theophilus. "Mo wá ní kí n lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ni. Mo dé ibẹ̀, mo bá ajá."

Zakariyah rẹ́rìn-ín lórí àga rẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, ẹ má dá a lóhùn. Kò pa mí. Ó kàn fẹ́ mọ bí agbára mi ṣe tó ni."

Theophilus mú páálí kan, ó gbé e sún mọ́ ojú. Ó rí orúkọ oògùn. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹnì kan ti fi bírò kọ nọ́ńbà kan àti lẹ́tà méjì, *bd*, kò sí nǹkan mìíràn. Ó wò ó títí. Òun tó ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé, kò mọ ohun tí lẹ́tà méjì yẹn ń wí. Ó ní kí Àsíátù yọ̀ǹda rẹ̀ fún òun, ó sì gbé e lọ sí ilé olóògùn tó wà ní ìyànà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún un pé ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ló túmọ̀ sí. Ó dúró síwájú ilé olóògùn náà fún ìgbà díẹ̀, oòrùn ń pa á lórí. Ohun tó ń rò ni pé bí ẹnikẹ́ni bá bi òun níwájú èrò bóyá òun kò mọ̀wé ni, kí lòun ìbá fi dá a lóhùn?

Ó padà sílé Àsíátù. Ó ní kó dárí jin òun, kó sì wá lọ́jọ́ Ajé, kó kó oògùn dání. Láti ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í káàkiri ilé àwọn tó ti sá. Ọ̀rọ̀ kan náà ló sọ fún gbogbo wọn: kí wọ́n mú ìwé kan wá, ìwé tó ti ń dójú tì wọ́n láti ọjọ́ yìí wá, ohun yòówù kó jẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé, àwọn mọ́kàndínlógún ló wá. Theophilus kó àwọn ìwé alájá sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní kí wọ́n kó tiwọn síta. Joel, àgbẹ̀ kan láti ọ̀nà Ìjagun, gbé ike oògùn koríko kalẹ̀. Ó ní èyí tó ń pa àgbàdo pẹ̀lú koríko lòun fọ́n sóko lọ́dún tó kọjá, tí kò kù ju pòròpórò lọ. Susannah, tó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ rẹ̀, mú ìwé orin wá. Ó ní ọdún méjìlélógún rèé tí òun ti ń gbé e dání lọ́jọọjọ́ Ìsinmi, tí òun ń ṣí i bí àwọn yòókù bá ṣí i, tó sì jẹ́ pé orí lòun fi há gbogbo rẹ̀. Àwọn kan kọ́kọ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n rí ojú rẹ̀, wọ́n dákẹ́.

Lẹ́tà kan ni Gbàdàmọ́sí mú wá, ó ti gbó níbi tí wọ́n ti ká a. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ ọ́ sí i láti Gàbọ́ọ̀nù ní ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn. Kò ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́yìn rẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n náà kú sọ́hùn-ún. Theophilus ní kó mú un wá kí òun kà á fún un. Gbàdàmọ́sí fa lẹ́tà náà mọ́ àyà.

"Rárá o, Tíṣà. Bó bá jẹ́ pé mo fẹ́ kí ẹlòmíràn kà á ni, wọn ì bá ti kà á tipẹ́. Èmi ló kọ ọ́ sí. Ẹ kọ́ mi."

Bí ẹ̀kọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. *Òwúrọ̀* ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Theophilus kọ sójú pátákó, èkejì ni *alẹ́*. Orúkọ oògùn kò ní Yorùbá, nítorí náà wọ́n tò ó ní lẹ́tà-lẹ́tà, wọ́n ń fi ìka tọ̀ ọ́ lójú páálí. Ó kó wọn lọ síta, wọ́n ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri, *Má tọ̀ síbí*, *Ilẹ̀ yìí kì í ṣe títà*. Ọkùnrin kan bú sẹ́rìn-ín, ó ní ibi tí òun ti ń tọ̀ láti ọdún yìí wá nìyí. Wọ́n ka àpò ajílẹ̀. Wọ́n ka orúkọ ara wọn. Theophilus fúnra rẹ̀ ń ti ilé olóògùn bọ̀ pẹ̀lú ìwé tó fi kọ ohun tó bi wọ́n, nítorí ìbéèrè tí wọ́n ń bi í kò sí nínú ohunkóhun tó ti kọ́ rí. Nígbà mìíràn á sọ fún wọn pé òun kò mọ̀ ọ́n, pé kí wọ́n dúró di Ọjọ́bọ̀. Ó kọ́kọ́ máa ń tì í lójú láti sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, kò tì í mọ́.

Kí oṣù mẹ́ta tó pé, àwọn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ń wá, àwọn kan ń dúró lójú fèrèsé. Ọjọ́ kan ni Àsíátù wọlé, ó ní òun ti já gbogbo òwú yẹn dànù. Ọjọ́ mìíràn ni Gbàdàmọ́sí lọ jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú lẹ́tà rẹ̀, ó ń mi ètè. Ó pẹ́ níbẹ̀. Lójijì ló bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, omijé sì ń dà lójú rẹ̀ pọ̀. Kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan wà tó ti fi tapólì bò sẹ́yìnkùlé láti ọdún mọ́kàndínlógún, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn, nítorí ó rò pé ohun tí olóhun fi pa mọ́ ni. Ohun tó wà nínú lẹ́tà náà, lẹ́yìn ìkíni, kò ju pé: *Máa gun kẹ̀kẹ́ mi. Má jẹ́ kó dógùn-ún.*

Ní oṣù karùn-ún tí kíláàsì náà ti bẹ̀rẹ̀ ni ẹgbẹ́ náà rán ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ayọ̀tọ̀míwá wá yẹ̀ wọ́n wò. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ó mọ̀wàá hù, ó dọ̀bálẹ̀ kí Theophilus. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí páálí oògùn àti àpò ajílẹ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, ó béèrè ìwé tí ẹgbẹ́ fún wọn. Theophilus ṣí kọ́bọ́ọ̀dù fún un. Eruku ti bo ìwé náà.

Ayọ̀tọ̀míwá ní ọ̀rọ̀ náà le. Ó ní inú ìwé yẹn ni wọ́n á ti ṣe ìdánwò ní òpin ọdún, pé àwọn tó ń rówó ṣe ètò náà fẹ́ rí fọ́tò ìwé lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, pé ohun tí a kò bá lè fi ìdánwò wọ̀n, a kò lè sọ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀. Ìgbà náà ni Àsíátù na ọwọ́, ó ní kó gbé ìwé náà wá.

Ó ṣí i. Ó ka ojú ewé ajá, ó ṣí èkejì, ó ka ibi tí ajá ti gé Òjó jẹ, ó ka ibi tí Òjó ti sá. Ó ń ka àwọn ojú ewé tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ rí, jẹ́jẹ́, láìkọsẹ̀, títí ó fi dé ojú ewé kẹsàn-án. Lẹ́yìn náà ló pa á dé.

"Ó ṣeé kà," ó ní. "Kò kàn ní nǹkan tó fẹ́ bá mi sọ ni."

Ó wá yọ páálí kan nínú báàgì rẹ̀, ó nà án sí Ayọ̀tọ̀míwá, ó ní kó jọ̀wọ́ ka lẹ́tà méjì tí wọ́n fi bírò kọ sẹ́yìn rẹ̀ fún òun. Ọmọkùnrin náà wò ó, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó ní òun kò mọ̀ ọ́n.

"Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni, ọmọ mi," Àsíátù ní. "Bó o bá délé, wo ti ìyá rẹ."

Ó hàn lójú Ayọ̀tọ̀míwá pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Síbẹ̀, ó yí sí Theophilus, ó ní òun gbọ́dọ̀ jábọ̀ ohun tí òun rí, pé bí Tíṣà bá lè padà sínú ìwé láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, òun á kọ ọ́ pé ohun gbogbo ti dára.

Theophilus bọ́ awò ojú rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ni ó ti ń bẹ̀rù àwọn tó ń wá yẹ kíláàsì wò. Ní ayé ìgbà tó ń ṣiṣẹ́, òru tí wọ́n bá ní wọ́n ń bọ̀, kì í sùn. Ó wá kíyè sí i pé àyà òun kò já lónìí.

"Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi ṣe ohun tí ìwé wí," ó ní. "Kò sẹ́ni tó bá mi wí rí. Mi ò tíì ṣe ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ wí ju oṣù mẹ́ta lọ, ẹ ti dé. Lọ sọ fún wọn pé mo kọ̀. Kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an, má tún un ṣe."

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ìwé fi dé pé wọ́n ti ti ibùdó náà pa, kí Theophilus dá kọ́kọ́rọ́ padà. Wọ́n fi kún un pé bó bá fọwọ́ sí i pé ìwé ẹgbẹ́ lòun á máa lò, wọ́n á ṣí i padà. Ó dá kọ́kọ́rọ́ padà lówùúrọ̀. Nírọ̀lẹ́, ó lọ dúró lẹ́nu géètì láti sọ fún àwọn tó ń bọ̀ pé kí wọ́n máa lọ sílé. Ohun tó dùn ún jù ni pé òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ lé wọn jáde nílé-ìwé, àwọn tó jẹ́ pé ọjọ́ ogbó wọn ni wọ́n tó rí i wọ̀. Ó tilẹ̀ ní kí òun lọ fọwọ́ sí i, kí òun máa fi ìwé wọn sórí tábìlì lásán. Ó sọ ọ́ jáde. Àsíátù ni kò jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Bí inú bá bí i, Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé ló máa ń sọ, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe lọ́jọ́ náà. Kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tó bá ti bọ́ lọ́wọ́ ajá kì í padà lọ fi okùn rẹ̀ so ara rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Gbàdàmọ́sí ní ṣọ́ọ̀bù òun tóbi, ẹ̀rọ òun sì lè dákẹ́ ní agogo mẹ́rin.

Ọ̀nà Ejìnrìn ni ṣọ́ọ̀bù náà wà. Wọ́n jókòó sórí táyà, sórí àpótí irin, sórí ìjókòó ọkọ̀ tí wọ́n ti tú sílẹ̀. Kò sí pátákó. Gbàdàmọ́sí fa bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ àtijọ́ kan jáde, ó fi ọ̀dà dúdú kùn ún, ó gbé e ti ògiri. Ṣọ́ọ̀kì ń han lára rẹ̀ ju ti ilé-ìwé lọ. Àwọn márùn-ún kò wá mọ́, nítorí wọ́n fẹ́ ìwé-ẹ̀rí, Theophilus kò sì dá wọn lẹ́bi. Nígbà tí ọdún parí, àwọn tó kù kò ṣe ìdánwò, kò sì sẹ́ni tó fún wọn ní ìwé kankan tí wọ́n lè fi kọ́ ògiri. Susannah ló sọ pé ìwé orin òun tó òun. Ó ti rí i pé ọ̀rọ̀ méjì wà nínú orin ìjọ wọn tí gbogbo ẹgbẹ́ akọrin ti ń ṣì pè láti ọjọ́ yìí wá, ó sì ti sọ fún ọ̀gá akọrin. Láti ìgbà náà, ọ̀gá akọrin kì í kí i dáadáa mọ́.

Nínú oṣù kejì ọdún tuntun ni Àsíátù dá àbá pé kí wọ́n kọ lẹ́tà sí ilé ìwòsàn tí púpọ̀ nínú wọn ti ń gba oògùn. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi kọ ọ́ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń pa á rẹ́, wọ́n ń tún un kọ. Theophilus kò bá wọn fi ọ̀rọ̀ kan sí i. Ibi tí wọ́n bá ti ṣì í ló ń tọ́ka sí. Ohun tí wọ́n béèrè kò pọ̀: kí wọ́n máa fi Yorùbá kọ ọ́ sára oògùn, iye tí èèyàn máa lò àti ìgbà tó máa lò ó. Àwọn mọ́kàndínlógún fọwọ́ sí i. Mẹ́tàdínlógún nínú wọn ló gbé e lọ, wọ́n wọ aṣọ tó dára, akọ̀wé tó gbà á lọ́wọ́ wọn sì béèrè ta ló bá wọn kọ ọ́.

"Àwa ni," Joel ní.

Èsì dé lẹ́yìn oṣù kan. Ojú ewé kan ni, òǹtẹ̀ wà nídìí rẹ̀, Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́ láti òkè dé ilẹ̀. Theophilus gbé awò rẹ̀ wọ̀, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀, Àsíátù tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé ìwé náà.

"Ẹ má kà á fún wa, Tíṣà. Yorùbá la kọ sí wọn."

Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Susannah ní bóyá ọ̀rọ̀ rere ni, pé bí ilé ìwòsàn bá tún bínú sí àwọn ńkọ́? Gbàdàmọ́sí ní ẹni tí ó bá kí ọ, tí o bá fi èdè tí kò gbọ́ dá a lóhùn, o kò tíì dá a lóhùn. Wọ́n na ọwọ́ sókè, àwọn tó gbà pẹ̀lú Àsíátù ló pọ̀ jù. Theophilus ti ríran sí díẹ̀ nínú lẹ́tà náà, ó mọ̀ pé ìdúpẹ́ ló pọ̀ níbẹ̀ àti pé àwọn á wò ó, àwọn á wò ó. Ó fi í sínú. Wọ́n yí ìwé náà padà, Joel sì fi bírò kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, gbogbo wọn dúró lé e lórí: *A ti rí lẹ́tà yín gbà. A kò lè kà á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi Yorùbá kọ ọ́.* Gbàdàmọ́sí ló gbé e padà lọ lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Lẹ́tà mìíràn kò dé. Oṣù tó tẹ̀lé e, Àsíátù lọ gba oògùn Zakariyah gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Èrò tò gùn dé ìta. Ọmọbìnrin tó ń pín oògùn lójú fèrèsé, Ameenat, kó oògùn sínú ọ̀rá, kò sì tíì nà án sí i tó fi mú bírò. Ó kọ nǹkan sí i lára, ó ní, "Ìyá, ẹ gbà." Àsíátù kò kúrò lójú fèrèsé. Ó gbé ọ̀rá náà sún mọ́ ojú. *1 laaro. 1 lale. Leyin ounje.* Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pòṣé.

Ó ní kí Ameenat yá òun ní bírò. Ó gbé ọ̀rá náà lé etí fèrèsé, ó fi àmì sí abẹ́ lẹ́tà méjì ní *Leyin ounje*, ó tún fi àmì ohùn sí orí àwọn tó yẹ, ó fara balẹ̀.

"Lẹ́yìn oúnjẹ," ó ní, ó sì dá bírò padà fún un. "Bí ẹ ṣe kọ ọ́ yẹn, eyín ni ọkọ mi ì bá máa wá oògùn sí."

Ọmọbìnrin náà wo ohun tó kọ. Ó fa ọ̀rá ẹni tó kàn mọ́ra, ó kọ ọ́, ó sì fi àmì sí i lábẹ́ àti lórí.